Ìjì òjò dídì lórí òkè Colorado: bí a ṣe ń ka àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ kí a tó wakọ̀ gòkè

Fóònù sọ pé òjò dídì tí yóò rọ̀ lọ́la ní Denver, ìlú tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè, kò ní ju ìnṣì 3 lọ. Ẹni tó fẹ́ gba I-70, títì ńlá tó gba orí òkè kọjá, lọ sí ìlú Vail wò ó, ó ní kò burú, ó gbéra. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ó ti há sáàárín ọkọ̀ tí kò lọ tí kò bọ̀ nítòsí ihò abẹ́ òkè Eisenhower, òjò dídì ti mu ènìyàn dé orúnkún lẹ́bàá títì, kò sì rí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ mọ́. Fóònù kò parọ́ fún un. Denver ló béèrè, Denver ni wọ́n dá a lóhùn. Òkè ni kò béèrè.

Ohun tó mú kí àsọtẹ́lẹ̀ orí òkè rú ènìyàn lójú ni pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ni a máa ń rí, bẹ́ẹ̀ nǹkan mẹ́rin ló bí nọ́ńbà náà: ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ìwọ̀n omi tó gbé dání, ibi gíga tí òjò ti ń di òjò dídì, àti bí òjò dídì ọ̀hún ṣe fúyẹ́ tó. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yẹ̀ díẹ̀, nọ́ńbà náà á yẹ̀ púpọ̀. Colorado, ní Amẹ́ríkà, la ó fi ṣàlàyé, nítorí pé gbogbo ohun tó ń da àsọtẹ́lẹ̀ rú ló péjọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ kan ná. Nílé, yìnyín tí a mọ̀ ni òkúta omi dídì tó ń já lu páànù nígbà òjò àti ààrá. Èyí kọ́ là ń wí. Bíbélì Yorùbá pe èyí tí à ń wí ní òjò dídì, orúkọ náà ló sì bá a mu jù: ó fúyẹ́ bí ẹ̀gbọ̀n òwú, ó ń bọ́ wọ́ọ́rọ́, kì í pariwo. Yìnyín ni a ó máa pe omi tó dì mọ́ ojú títì. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: táyà tó dára lè mú òjò dídì dání, ṣùgbọ́n yìnyín tín-ín-rín tí ojú kò rí kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ táyà mú ilẹ̀ dáadáa.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: gíga mélòó?

Denver fi 5,280 ẹsẹ̀ bàtà ga ju ojú òkun lọ. Bí ẹ bá gba I-70 lọ sí ìwọ̀ oòrùn, Idaho Springs wà ní nǹkan bí 7,500, Georgetown wà ní nǹkan bí 8,500, ihò Eisenhower sì kọjá 11,000. Ẹ kò tíì wakọ̀ wákàtí méjì, ẹ sì ti gòkè tó 5,700 ẹsẹ̀ bàtà. Bí a ṣe ń gòkè bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń tutù, ní ìpíndọ́gba 3.5°F fún ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti ti Èkó lọ sí Jos nínú oṣù December ti fi ara mọ ohun tí à ń wí.

Ìṣirò náà kò le. Bí òtútù Denver bá jẹ́ 40°F, tí òjò lásán ń rọ̀ níbẹ̀, ẹ fi 3.5 lọ́nà 5.7, ẹ óò rí 20. Ẹ yọ 20 kúrò nínú 40. Ẹnu ihò Eisenhower á wà ní 20°F, bẹ́ẹ̀ 32°F, tí í ṣe 0°C, ni omi ti ń dì. Ìjì kan náà, àwọsánmà kan náà; agbòjò ni wọ́n ń ṣí ní ìsàlẹ̀, ọkọ̀ tó ń gbá òjò dídì kúrò lójú títì ló wà lókè.

Nínú ìkéde àwọn onímọ̀, ẹ máa rí gbólóhùn méjì tí àwọn ènìyàn máa ń dàpọ̀. Freezing level ni ibi gíga tí afẹ́fẹ́ ti dé 32°F. Snow level ni ibi tí òjò dídì ń bọ́ dé kó tó yọ́ di omi. Wọn kì í ṣe ohun kan náà, nítorí òjò dídì kì í yọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó sábà máa ń já kọjá ibi 32°F tó nǹkan bí 1,000 ẹsẹ̀ bàtà. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní freezing level wà ní 8,500, ẹ má rò pé Idaho Springs tó wà ní 7,500 ti bọ́ nínú ewu. Etí ibẹ̀ gan-an ló wà.

Ohun mìíràn tún wà tó ń ya àwọn awakọ̀ lẹ́nu. Kí òjò dídì tó yọ́, ó gbọ́dọ̀ gba ooru lára afẹ́fẹ́ tó yí i ká. Bí ó bá ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, a kì í mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń ya wá gìrọ́gìrọ́, ooru tó ń gbà pọ̀ débi pé afẹ́fẹ́ á tutù, ìlà òjò dídì á sì máa sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá sínú àfonífojì. Bẹ́ẹ̀ ni òjò lásán ti aago mẹ́ta ọ̀sán ṣe ń di òjò dídì ní aago mẹ́rin láìjẹ́ pé òtútù tuntun kankan dé láti ibòmíràn. Bí ẹ bá rí òjò ńlá tí ìwọ̀n òtútù rẹ̀ wà láàárín 34 sí 37°F, ẹ fura.

Ìṣirò 3.5°F yìí ní ibi tí kì í ti ṣiṣẹ́. Òtútù tó bá ti Canada wá máa ń wúwo. Ó ń ṣàn lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ bí omi, ó sì ń rọ́ jọ sí ẹsẹ̀ òkè. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, Denver lè wà ní 10°F kí orí òkè wà ní 25°F. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ wo àsọtẹ́lẹ̀ ibi kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, kí ẹ fi ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò lásán.

Afẹ́fẹ́ ń ti ibo bọ̀?

Nínú gbogbo ìbéèrè, èyí ló gba àkókò jù, nítorí òun ló ń pín ìjì fún àwọn ìlú.

Iṣẹ́ òkè ni láti ti afẹ́fẹ́ sókè. Bí afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin bá kọlu òkè, kò ní ibi tí yóò gbà ju òkè lọ. Bó ti ń gòkè ló ń fẹ̀, bó ti ń fẹ̀ ló ń tutù, bó ti ń tutù ni oru omi inú rẹ̀ ń di àwọsánmà, títí tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ kọlù ló ń gba ẹrù náà. Bó bá ti ré kọjá tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ti sọ omi rẹ̀ nù, ó sì ń gbóná ní 5.4°F fún ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ yìí ni wọ́n ń pè ní Chinook ní ẹsẹ̀ òkè Rocky. Ó lè yọ́ òjò dídì ìlú kan tán láàárín ọjọ́ kan.

Ẹ rántí pé ibi tí afẹ́fẹ́ ti wá ni wọ́n fi ń sọ orúkọ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìlà oòrùn ti ìlà oòrùn wá, ìwọ̀ oòrùn ló ń lọ.

Ní Colorado, irú ìjì méjì ló wà fún ẹni tó ń gba I-70. Èkíní ń gbé ọ̀rinrin Òkun Pasífíìkì bọ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ìwọ̀ oòrùn tàbí àríwá-ìwọ̀-oòrùn. Vail, òkè Loveland àti ihò Eisenhower ló ń jẹ ẹ́. Denver wà lẹ́yìn òkè, oòrùn lè máa ràn níbẹ̀ ní wákàtí kan náà tí wọ́n ń ti ọ̀nà pa lókè. Irú ìjì yìí ló ń tan àwọn ará Denver jù, torí ojú ọ̀run tí wọ́n ń wò láti ilé kò fi nǹkan kan hàn wọ́n. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn wá, àwọn òkè San Juan ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà, pàápàá Wolf Creek, ni yóò gba èyí tó pọ̀.

Èkejì yàtọ̀ pátápátá. Afẹ́fẹ́ máa ń yí po àárín ìjì ní òdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Bí àárín náà bá wá dúró sí gúúsù-ìlà-oòrùn Colorado, Denver àti Boulder, ìlú tó wà nítòsí rẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè, bọ́ sí apá àríwá-ìwọ̀-oòrùn ìjì náà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ láti àríwá-ìlà-oòrùn. Afẹ́fẹ́ yìí lè ti fa ọ̀rinrin láti Gulf of Mexico wá lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó sì ń tì í lu ẹsẹ̀ òkè. Upslope ni wọ́n ń pè é. Irú ìjì yìí ló rọ ìnṣì 31.8 sí Denver ní March 2003, tó sì rọ ìnṣì 87.5 sí Rollinsville, tó wà lórí òkè lẹ́yìn Boulder. Ní April 1921, ní Silver Lake tí kò jìnnà síbẹ̀, ìnṣì 75.8 rọ̀ láàárín wákàtí 24.

Ibi tó ti ń ṣòro nìyí: bí àárín ìjì náà bá gba ọ̀nà tó fi nǹkan bí 100 kìlómítà yẹ̀ sí àríwá, Denver á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ gbígbẹ rẹ̀, afẹ́fẹ́ líle nìkan ni wọn yóò rí. Lójú àwòrán Amẹ́ríkà, 100 kìlómítà kò ju ìbú ọmọ ìka kan lọ. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń kígbe pé àwọn onímọ̀ kùnà, ohun tó sábà ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ìjì náà wá lóòótọ́. Ó gba ẹ̀yìnkùlé ni.

Ìnṣì omi kì í ṣe ìnṣì òjò dídì

Omi ni kọ̀ǹpútà ń kọ́kọ́ ṣírò, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ń sọ ọ́ di gíga òjò dídì. Ìlànà àtijọ́ ni pé ìnṣì 1 omi jẹ́ ìnṣì 10 òjò dídì. Lórí òkè Colorado, 15 sí 1 kì í ṣe ohun àjèjì, bó bá sì tutù dáadáa tí afẹ́fẹ́ kò le, ó lè dé 20 sí 1. Òjò dídì March ní Denver lè jẹ́ 8 sí 1, ó wúwo bí amọ̀, ó sì ń fa ẹ̀ka igi ya lulẹ̀ lé wáyà iná.

Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe sí nọ́ńbà. Ká ní omi tí wọ́n ṣírò jẹ́ ìnṣì 1.2, wọ́n sì rí i gba. Ní 8 sí 1, ìnṣì 9.6 ni. Ní 15 sí 1, ìnṣì 18 ni. Kò sí ẹni tó ṣi omi wò, síbẹ̀ ìdáhùn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì èkejì. Ohun tó ń pinnu rẹ̀ ni òtútù inú àwọsánmà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gòkè jù. Láàárín -12 àti -18°C ni òjò dídì ti ń hù bí ìràwọ̀ ẹlẹ́ka mẹ́fà. Àwọn ẹ̀ka yẹn kì í jẹ́ kó sún mọ́ra, ìdí nìyẹn tó fi ń ga kíákíá. Afẹ́fẹ́ líle sì ń ṣẹ́ àwọn ẹ̀ka náà, á wá pọ̀ mọ́ra bí iyanrìn. Fún awakọ̀, ìnṣì 6 tó wúwo lè burú ju ìnṣì 10 tó fúyẹ́ lọ, torí ó ń rọ̀ mọ́ títì, táyà ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì ń di yìnyín lálẹ́.

Ohun tí àwọn onímọ̀ lè rí, àti ìgbà tí wọ́n lè rí i

Model tí wọ́n ń dárúkọ ni ètò ìṣirò tó pín afẹ́fẹ́ ayé sí àpótí àpótí. Àpótí GFS ti Amẹ́ríkà fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 13, ti ECMWF ti Yúróòpù tó 9, ti HRRR, tí òun náà jẹ́ ti Amẹ́ríkà, jẹ́ 3. Nínú àpótí kìlómítà 13, ṣóńṣó òkè àti àfonífojì tó wà lẹ́bàá rẹ̀ di ohun kan náà: òkè á kúrú, àfonífojì á ga. Púpọ̀ nínú áàpù orí fóònù ń mú nọ́ńbà wọn láti inú irú àpótí ńlá bẹ́ẹ̀ láìsí ọmọ ènìyàn kan tó tún un wò.

Wọ́n ń ju bàlúùnù sókè ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ láti wọn òtútù, ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n lórí Òkun Pasífíìkì, ibi tí ọ̀pọ̀ ìjì wọ̀nyí ti ń bọ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń ju bàlúùnù. Sátẹ́láìtì ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé jù níbẹ̀. Bí ìjì bá ti gúnlẹ̀ sí California, àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń dára sí i. Rédà náà ní àléébù tirẹ̀: òkè ń dí i lójú, ìtànṣán rẹ̀ sì ń ga sí i bó ti ń jìnnà, nítorí náà òjò dídì lè máa rọ̀ nínú àfonífojì kí rédà má rí i. Bí àwòrán rédà bá mọ́ lórí òkè, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí pé ojú ọjọ́ dára.

Bí ó bá ku ọjọ́ méje kí ìjì dé, ohun tí a lè mọ̀ ni pé ó ṣeé ṣe kó wá. Ẹ má ka ìnṣì rárá. Ẹni tó bá fi àwòrán ìnṣì 40 ránṣẹ́ sórí WhatsApp ní ọjọ́ méje ṣáájú kàn mú ìdáhùn kan ṣoṣo láti inú ọ̀pọ̀ ni, ó sì ń dá jìnnìjìnnì sílẹ̀ lásán. ECMWF máa ń ṣe ìṣirò kan náà ní ìgbà 51, pẹ̀lú ìyàtọ̀ kékeré ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ìdáhùn 51 náà bá fọ́n káàkiri, kò sí ẹni tó mọ̀. Bí wọ́n bá ń kó jọ sí ojú kan, ìgbà yẹn ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Ó sábà máa ń di ìgbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta tàbí méjì kí ìjì dé kí ipa ọ̀nà rẹ̀ tó hàn kedere.

Ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, National Weather Service, ní orúkọ fún ìpele kọ̀ọ̀kan, ìtumọ̀ wọn sì ń dàrú mọ́ ènìyàn lójú. Winter Storm Watch túmọ̀ sí pé ó ṣeé ṣe, ó kéré tán ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Àkókò ìmúra nìyẹn. Winter Storm Warning túmọ̀ sí pé ó ń bọ̀ tàbí ó ti dé, ìdánilójú rẹ̀ tó ìdá 80. Winter Weather Advisory jẹ́ fún èyí tí kò le tó ti Warning. Blizzard Warning kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìnṣì rárá: afẹ́fẹ́ tó ń sáré tó máìlì 35 ní wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí a kò rí kọjá ìdá mẹ́rin máìlì, fún wákàtí 3 ó kéré tán. Òjò dídì àná tí afẹ́fẹ́ ń gbé nílẹ̀ tó láti dá a sílẹ̀, bí ọ̀run tilẹ̀ mọ́.

Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ pé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni òjò dídì yóò rọ̀, kò sọ pé yóò pọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ kí nǹkan kan rọ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ omi tí kò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìnṣì lọ.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó gbéra

Ẹ lọ sí weather.gov, ojúlé National Weather Service lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ má tẹ orúkọ ìlú nìkan. Ẹ tẹ ojú àwòrán ilẹ̀ gan-an níbi tí ọ̀nà ti ga jù, ihò Eisenhower tàbí Vail Pass. Ẹ wo gíga tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ó bá kọ 9,300 nígbà tí ibi tí ẹ ń lọ jẹ́ 11,000, ẹ ti tẹ àfonífojì, ẹ tún un tẹ̀. Ẹ ṣí àwòrán wákàtí dé wákàtí, kí ẹ wá wákàtí tí òjò dídì yóò le jù. Ìnṣì 12 láàárín wákàtí 24, ọkọ̀ agbálẹ̀ lè bá a yí. Ìnṣì 12 láàárín wákàtí 5, kò sí ọkọ̀ agbálẹ̀ tó lè bá a. Ẹ wo afẹ́fẹ́ náà: 20°F pẹ̀lú afẹ́fẹ́ máìlì 30 ń ṣe ara bí 1°F, ìyẹn sì kan ẹni tó bá ní láti jáde tún ṣéènì táyà so, ìyẹn ṣéènì tí wọ́n ń dè mọ́ táyà kó má bàa yọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka Forecast Discussion. Onímọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́, èdè rẹ̀ lè le, ṣùgbọ́n ibẹ̀ nìkan ni yóò ti sọ ohun tí kò dá a lójú. Bí ó bá kọ uncertainty tàbí low confidence, ẹ gba ìwọ̀n tó ga jù nínú èyí tó sọ gẹ́gẹ́ bí ohun tó lè ṣẹlẹ̀.

Láti September 1 títí di May 31, òfin Colorado ń béèrè lórí I-70, láti Morrison dé Dotsero, pé kí ojú táyà jìn tó ìdá 3 nínú 16 ìnṣì, kó sì jẹ́ táyà tó bá òjò dídì mu, tàbí kí ọkọ̀ ní ṣéènì nínú, tàbí kó jẹ́ ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà, tí ojú táyà rẹ̀ náà sì jìn tó bẹ́ẹ̀. Lórí COtrip.org, ojúlé ìpínlẹ̀ Colorado nípa ọ̀nà, ni ẹ óò ti mọ̀ bóyá ọ̀nà ṣí, kámẹ́rà rẹ̀ sì dára ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Ẹni tí yóò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rìn lórí òkè, tàbí tí yóò fi pátákó yọ̀ níbi tí kò sí alábòójútó, ní ewu mìíràn: òjò dídì tó ń ya lulẹ̀ láti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí wọ́n ń pè ní avalanche. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó dagun láàárín ìwọ̀n digírì 30 àti 45 ló léwu jù, ìgbà tó sì sábà máa ń ya jù ni nígbà ìjì àti láàárín wákàtí 24 sí 48 lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí oòrùn ti ràn tí gbogbo nǹkan lẹ́wà. Colorado Avalanche Information Center ń kéde ìwọ̀n ewu náà láti 1 dé 5. Ipele 3 ń tan ènìyàn nítorí pé ó wà láàárín, kì í ṣe ewu kékeré rárá.

Ní wákàtí mẹ́ta tí ó kù kí ẹ gbéra, ẹ dẹ́kun kíka àsọtẹ́lẹ̀, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ fi òtútù Georgetown wé èyí tí wọ́n ní yóò jẹ́ ní wákàtí yẹn. Bí wọ́n bá ní yóò dé 32°F ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tó sì ti dé ibẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ìjì ti sáré ju ìṣirò lọ, ẹ sì gbọ́dọ̀ kà á sí pé gbogbo ohun tó kù nínú àsọtẹ́lẹ̀ náà yóò tètè dé ju àkókò tí wọ́n kọ lọ. Ẹ ra epo kún táǹkì ní Idaho Springs tàbí Georgetown, nítorí láti Georgetown ọ̀nà ń gun nǹkan bí 2,500 ẹsẹ̀ bàtà títí dé ẹnu ihò, bí wọ́n bá sì ti ọ̀nà pa láàárín méjì, inú ọkọ̀ ni ẹ óò wà títí wọn yóò fi ṣí i. Bí kámẹ́rà ẹnu ihò bá fi hàn pé títì ti funfun tí iná ọkọ̀ kò sì hàn dáadáa, ẹ sùn sí ìsàlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà.